Ìsọ̀ Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Maiduguri: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe àti Èyí Tí Ẹ Ò Gbọdọ̀ Ṣe

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, 26 February 2023, iná jó Monday Market, ọjà tí gbogbo Maiduguri mọ̀. Ní 10 September 2024, dáàmù Alau ya. Omi odò Ngadda bo Gwange, ó bo agbègbè Post Office, ó sì lé èèyàn tó ju 400,000 kúrò nílé. Láàárín ọdún méjì péré, oníṣòwò kan lè pàdánù ọjà rẹ̀ sọ́wọ́ iná, kí omi tún wá kó èyí tó ṣẹ́ kù. Ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè pa iná, kò sì lè dá omi dúró. Ṣùgbọ́n ó lè tọ́jú orúkọ yín, àwòrán ọjà yín àti lísítì àwọn oníbàárà yín síbi tí iná àti omi kò lè dé, kí owó lè máa wọlé kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù míràn gbà.

Yorùbá ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ ra tùràrí lọ́wọ́ yín láti Ìbàdàn kò rí ojú yín, ẹ̀yin náà kò sì rí tirẹ̀. Ohun tí ìròyìn ń sọ fún un nípa Maiduguri kì í ṣe ohun tó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìsọ̀ yín ní láti ṣe kó tó ṣe òmíràn: kó dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn oníbàárà kó tó bèèrè. Èló ni? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Bí kò bá dé ńkọ́? Àwọ̀ mèremère àti lẹ́tà ológe lè dúró di ìgbà míràn. Gbogbo àmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e yìí, orí ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni mo gbé wọn kà.

Ṣe: Ẹ fi ọjà díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí Maiduguri fi lókìkí.

Nígbà tí Amazon ṣílẹ̀kùn ní July 1995, ìwé nìkan ló ń tà. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ọjà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ṣájà fóònù tí ẹ kó wá láti Èkó, ará Èkó kò ní í rà á lọ́wọ́ yín, nítorí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lówó tó dín sí tiyín. Tùràrí yàtọ̀. Àwọn obìnrin Borno ń ṣe é nínú ilé wọn, wọ́n fi ń ṣètò ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n fi ń gba àlejò, òkìkí rẹ̀ sì ti kan gbogbo ilẹ̀ Hausa dé Àbújá. Fìlà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Zanna Bukar Dipcharima, mínísítà ayé ìjọba Tafawa Balewa. Ẹja gbígbẹ tó ń ti etí adágún Chad gba Baga wọlé wà níbẹ̀. Dàbínù wà níbẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é, tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti oṣù yìí kò ní í burú ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Má ṣe: Ẹ má fi iye owó pamọ́.

"Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ fún iye owó" ló ń lé oníbàárà jù lọ. Ẹni tó rí i yóò rò pé ojú òun ni ẹ fẹ́ wò kí ẹ tó dá iye lé ọjà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó hàn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, ní náírà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yí i padà kẹ́yìn. Bí ọjà bá wọ́n sí i lọ́la, ẹ yí i lọ́la.

Ṣe: Ẹ kọ àpèjúwe tí ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ọjà, tí kò lè gbóòórùn rẹ̀, yóò fi mọ ohun tó ń rà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń kú. Ẹ wo àpèjúwe yìí: "Tùràrí ojúlówó, ó ń ta sánsán, ẹ kàn sí wa." Kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó ń ta tùràrí ló lè kọ ọ́. Ẹ wá wo èyí:

"Tùràrí iná, àṣejáde Maiduguri. Igi olóòórùn dídùn tí a fi òróró sándà rẹ. 250 giramu nínú ike onídèérí. Ẹ fi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta sórí ẹ̀yinná. Yóò kún pálọ̀ kan, òórùn rẹ̀ yóò sì wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì. Òórùn rẹ̀ wúwo, adùn ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Bí òórùn líle bá máa ń fọ́ yín lórí, ẹ mú èyí tó ní ìdérí funfun dípò èyí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe é. ₦7,500. Ìfiránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ₦3,000."

Iye owó tó wà níbẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, ẹ fi tiyín sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni gbólóhùn nípa òórùn tó ń fọ́ni lórí. Oníṣòwò tó sọ ẹni tí ọjà òun kò bá lára mu ti di ẹni tí a lè gbà gbọ́ lórí ìyókù. Bákan náà ni fún ẹja: ẹ sọ irú ẹja tó jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, bóyá odindi ni tàbí a ti gé e, bóyá a ti yọ ìfun rẹ̀, oṣù mélòó ló lè wà nílẹ̀ láìbàjẹ́. Fún fìlà: ẹ na téèpù yí i ká, kí ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi bí oníbàárà ṣe máa wọn orí ara rẹ̀ hàn án. Ẹni tí fìlà bá fún mọ́ lórí kò ní í padà wá.

Ṣe: Ẹ ya fọ́tò ní àárọ̀, níta, lábẹ́ òjìji.

Oòrùn Maiduguri le. Láti aago mẹ́wàá lọ, ó ń pa àwọ̀ ọjà rẹ́. Ní aago méje àárọ̀, lábẹ́ ìbòòji igi dóńgóyárò kan, fóònù tí kò wọ́n yóò ya fọ́tò tó mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ ọjà. Ẹ ya fọ́tò mẹ́rin fún ọjà kọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti hàn tímọ́tímọ́, àti ọ̀kan tí ọjà wà ní àtẹ́lẹwọ́ kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó yà á. Ẹ má gbé fọ́tò ẹlòmíràn láti orí Google sọ́jà yín. Oníbàárà tó bá rí fọ́tò kan náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta yóò pe ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbájúẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má ṣe kọ́ ojú ìwé tó wúwo.

Fọ́tò kan láti inú fóònù òde òní lè tó MB mẹ́rin. Bí ẹ bá gbé méjìlá sójú ìwé kan bó ṣe wà, MB méjìdínláàádọ́ta ni oníbàárà yóò fi owó ara rẹ̀ wà kó tó rí ọjà yín. Bí ẹ bá dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí KB 150, méjìlá yẹn kò pé MB méjì, ojú èèyàn kò sì ní í mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń dín fọ́tò kù pọ̀ lórí fóònù. Google ti tẹ ìwádìí kan jáde ní 2016 pé tí ojú ìwé bá lé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó ṣí lórí fóònù, ó lé ní ìdajì àwọn tó wá tí yóò padà lẹ́yìn. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó 50% kún owó wọn, dátà ti di ohun tí èèyàn ń fi ìṣọ́ra ná. Ẹ yọ fídíò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ yọ àwòrán tó ń yí bírí kúrò. Ẹ wá yá fóònù tí kò wọ́n rárá lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ ṣí ìsọ̀ yín lórí rẹ̀ ní Gwange tàbí Bulumkutu, ní àsìkò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà.

Ṣe: Ẹ ní ilé tiyín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó kéré tó.

WhatsApp Business jáde ní January 2018. Láti November 2019 ló ti ní katalọ́ọ̀gì tí èèyàn lè pàtẹ ọjà sí. Ẹ lò ó, ó dára, ibẹ̀ ni oníbàárà yín wà. Àmọ́ ní 4 October 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú papọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní 5 June ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣí i títí di 13 January 2022. Ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà lórí ìkànnì kan ṣoṣo kò ní ọ̀nà míràn láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra orúkọ ìkànnì tó parí sí .com.ng tàbí .ng, ẹ so ó mọ́ ìsọ̀ kékeré kan. Flutterwave, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé ìsọ̀ ọ̀fẹ́ jáde ní April 2020 nígbà kónílé-ó-gbélé. Paystack ní tirẹ̀. Bumpa, áàpù ìsọ̀ kan, wà fún ẹni tí fóònù nìkan ló ní. Ẹni tó bá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè lo WooCommerce. Kí ẹ sì rí i dájú pé orúkọ yín àti ímeèlì yín ni wọ́n fi forúkọ ìkànnì sílẹ̀. Ọmọ tó bá yín kọ́ ọ lè kó lọ sí ìlú míràn, kí orúkọ ìsọ̀ yín sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ará Borno kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lè parẹ́. Ní May 2013, nígbà òfin pàjáwìrì, wọ́n pa fóònù ní Borno, Yobe àti Adamawa, ti Borno sì pẹ́ jù. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé pẹ̀lú, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan tó wà ní ìlú míràn.

Ṣe: Ẹ jẹ́ kí sísan owó rọrùn, ju ọ̀nà kan lọ.

Nọ́ńbà àkáǹtì fún tíránsífà, ọ̀nà káàdì, àti USSD fún ẹni tí kò ní dátà. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015 tí Stripe sì rà ní 2020, ti ń gba 1.5% àti ₦100 fún ọdún púpọ̀ lórí owó tó bá tó ₦2,500 sókè. Lórí ọjà ₦15,000, ìyẹn jẹ́ ₦325. Ẹ fi sínú iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi kún un ní ìparí bí ìgbà tí dírẹ́bà bá fowó kún owó ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kò lè sanwó kí ọjà tó dé. Wọ́n jàre. Wọ́n ti lu ọ̀pọ̀ èèyàn ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ jù ni ìdì kékeré: tùràrí ₦1,500, ìdajì kílò ẹja. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè fi ₦1,500 dán yín wò, owó tí kò ní í pa á lára bí ẹ bá jẹ́ olè. Bó bá dé sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ, yóò padà wá ra èyí tó tóbi láìtún bèèrè ìbéèrè kankan.

Má ṣe: Ẹ má ṣe fi fọ́tò álátì gbé ọjà sílẹ̀.

Álátì ayédèrú pọ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ wo owó tó wà nínú àkáǹtì, kí ẹ tó ké sí ọlọ́kọ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní OTP tàbí PIN, bó ti wù kó pera rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì tó. Ẹ tan ìdánilójú ìgbésẹ̀ méjì sílẹ̀ lórí WhatsApp lónìí. Ẹni tó bá gba WhatsApp ìsọ̀ yín yóò fi orúkọ yín gba owó lọ́wọ́ àwọn tó gbà yín gbọ́.

Ṣe: Ẹ mọ ọ̀nà tí ẹrù yín ń gbà, kí ẹ sì fi han oníbàárà.

Láti July 2011 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri, kẹ̀kẹ́ Napep ló ń gbé ẹrù nínú ìlú. Àmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ará Èkó nípa ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà láàárín wákàtí méjì kò kàn yín. Ẹ wá ọlọ́kẹ̀kẹ́ méjì tó ṣeé gbára lé, ẹ bá wọn dá iye lé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sórí ìsọ̀: Bolori, iye báyìí; Wulari, iye báyìí; ọgbà Yunifásítì, iye báyìí.

Ẹrù tó ń jáde kúrò nílùú ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹyọ kan. Arábìnrin kan ní Ìbàdàn sanwó lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ di tùràrí sínú ike, ẹ fi téèpù yí ìdérí rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí òórùn má bàa kọlu ẹrù ẹlòmíràn, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ méjì páálí náà pẹ̀lú yíǹkì tí omi kò lè fọ̀. Ẹ gbé e lọ sí páàkì kí ọkọ̀ àárọ̀ tó kún, nítorí ọkọ̀ tó bá pẹ́ kó tó gbéra kò ní í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà Damaturu. Ẹ gba ìwé wébíìlì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí arábìnrin yẹn lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ọlọ́kọ̀. Maiduguri sí Kano jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 560, Kano sí Ìbàdàn sì tún kù. Bí ọkọ̀ bá dé Kano, ẹ pe páàkì ibẹ̀ fúnra yín, ẹ sì tún kọ̀wé kékeré sí arábìnrin náà: "Ẹrù yín ti dé Kano, ọ̀la ni yóò gbéra." Gbólóhùn yẹn kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì ń mú kí èèyàn sùn.

Fún ẹja: ẹ tún sá a sóòrùn kí ẹ tó dì í, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ fi bébà wé e nínú páálí tí ẹ dá ihò sí. Ẹja tó gbóná nínú ọ̀rá yóò làágùn, yóò sì hu bí ó bá fi máa dé Èkó. Fún òróró olóòórùn dídùn tí ọtí wà nínú rẹ̀: ohun tó ń gbiná ni, àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ní òfin lórí rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó wà nínú páálí fún wọn. Ẹ má purọ́ láé.

Má ṣe: Ẹ má ṣe ṣèlérí ọjọ́ tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ "ọjọ́ márùn-ún sí méje", kó wá dé ní ọjọ́ kẹrin. Ojú ọ̀nà lè dí, òjò lè gé e, ọmọ ogun lè dá ọkọ̀ dúró. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Oníbàárà tó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ẹrù tó pẹ́ ti ń bínú kó tó bèèrè.

Ṣe: Ẹ múra sílẹ̀ fún àìsí iná.

Láti January 2021 tí wọ́n ti fi bọ́ǹbù wó àwọn òpó tó ń gbé iná wá láti Damaturu, Maiduguri ti lo oṣù lórí oṣù láìsí iná ìjọba. Sólà kékeré kan tó lè gba fóònù méjì àti gílóòbù kan jẹ́ ohun èlò ìsọ̀ yín, ẹ kà á mọ́ owó òwò. Ẹ ṣètò ìdáhùn afúnraṣe lórí WhatsApp Business: wákàtí tí ẹ ń dáhùn, iye ọjà, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ. Bí ẹ kò bá sí nídìí fóònù ní aago mẹ́jọ alẹ́, oníbàárà yóò ṣì rí nǹkan kà kí ẹ tó padà dé. Ẹ kọ àkókò Jímọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó wà ní Òṣogbo mọ ìdí tí kò fi sí ìdáhùn ní aago kan sí mẹ́ta.

Ṣe: Ẹ kọ ọ́ ní èdè oníbàárà.

Gẹ̀ẹ́sì fún ojú ìwé, Hausa fún ìlú, Kanuri fún àwọn àgbà tó fẹ́ gbọ́ ohùn. Ẹ ka ohùn sílẹ̀ dípò lẹ́tà fún àwọn tí kì í kàwé. Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ti ń gbé Maiduguri tipẹ́ ní àǹfààní kan tí ẹ kò tíì lò: ẹ lè ta ọjà Borno fún Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní èdè wọn, kí ẹ sì kí oníbàárà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá, ẹrù yín ti gbéra" láti Maiduguri yóò fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí rẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má fi ojú obìnrin tó ń ṣe ọjà síta láìgba àṣẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe tùràrí wà nínú ilé, wọn kò sì fẹ́ kí àjèjì rí wọn. Ọwọ́ wọn tó ń po òróró mọ́ igi tó láti fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bákan náà ni orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà oníbàárà: òfin ìdáàbòbò dátà ti 12 June 2023 ti sọ pé ohun tí èèyàn fún yín nítorí ẹrù, ẹrù nìkan ni ẹ lè lò ó fún. Ẹ má kó nọ́ńbà èèyàn ọgọ́rùn-ún sínú gúrúpù kan láìbèèrè. Ẹnì kan nínú wọn lè máa sá fún ẹnì kan tó wà níbẹ̀.

Ṣe: Ẹ forúkọ sílẹ̀. Orúkọ òwò ní CAC, lórí ìkànnì wọn, kí ẹ lè ṣí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìsọ̀. Oníbàárà máa ń wo orúkọ tó jáde kó tó tẹ owó ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá tí ẹ tẹ orúkọ yín sí, ẹ lọ bá NAFDAC kí ẹ tó tẹ ọ̀rá náà.

Má ṣe: Ẹ má ṣe kọ ẹ̀rí èké. Ẹ̀rí mẹ́ta láti ẹnu ẹni tó rà á nítòótọ́, pẹ̀lú ọ̀kan tó ráhùn tí ẹ sì dá a lóhùn dáadáa, dára ju ogún tí àbúrò yín kọ lọ.

Ṣe: Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ara yín kí ẹ tó san owó ìpolówó kankan.

Ẹ gba fóònù ọ̀rẹ́ kan. Ẹ wá ìsọ̀ yín lórí Google, ẹ ṣí i, ẹ yan ọjà, ẹ sanwó. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Baymard, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Denmark, ti ṣàkójọ ìwádìí púpọ̀ láti ọdún pípẹ́: nínú èèyàn mẹ́wàá tó kó ọjà sínú agbọ̀n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi méje ni kì í sanwó, owó ìfiránṣẹ́ àti owó míràn tó yọ lójijì ní ìparí ló sì ń lé wọn jù. Ẹ kọ owó ìfiránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ má fi dandan lé e pé kí èèyàn ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ yín kó tó ra dàbínù.

Ṣe: Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ iye èèyàn tó bèèrè, iye tó rà, àti ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lọ. Bí èèyàn márùn-ún bá bèèrè ìwọ̀n fìlà, àpèjúwe yín kò pé. Ẹ tún un kọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo ìwé yín. Bí ẹ bá yí fọ́tò, iye owó àti àkọlé padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní í mọ èyí tó ṣiṣẹ́. 

Má ṣe: Ẹ má jiyàn lórí owó tó yẹ kí ẹ dá padà.

Bí ẹja bá hu, bí ike bá fọ́ lọ́nà, ẹ bèèrè fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá owó padà lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ tó bá ọlọ́kọ̀ ṣe ẹjọ́ tiyín. Ẹ kọ ìlànà yìí sórí ìsọ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta: ohun tí ẹ ń gbà padà, iye ọjọ́ tí oníbàárà ní láti sọ̀rọ̀, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀ àbọ̀. Ẹ ya owó kékeré kan lórí ọjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú àkáǹtì, kó má bàa jẹ́ pé owó oúnjẹ ilé ni ẹ fi ń san án. Bí tíránsífà náà bá ti lọ, ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà, ẹ sì bèèrè bóyá kí ẹ tún fi ọjà náà ránṣẹ́ tàbí kí ẹ fagi lé e.